Ìṣẹ́jú-àáyá Mẹ́ta Lórí Ìka Ọmọ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ibà gbé wa dé ilé ìwòsàn lóru. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń wá iṣan tí wọn yóò ti fa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gún ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n gún ti òsì, wọ́n gún ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọ náà kò sunkún mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù ju igbe rẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan wá bá wa, kò mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó tẹ èékánná àtàǹpàkò ọmọ náà títí ó fi funfun, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń kà.

“Ìyá ọmọ, ó ti kọjá mẹ́ta,” ló wí. Kíá ni ìrìn gbogbo ènìyàn inú yàrá náà yí padà.

Ohun tó kà kò ṣòro yé. Nínú àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sẹ́písíìsì, kòkòrò àrùn a gbógun, ara a sì gbèjà ara rẹ̀ kọjá ààlà tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa ba àwọn ẹ̀yà tirẹ̀ jẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá wá yí ká dáadáa mọ́, ara a dín èyí tó ń lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kù, kí ọkàn àti ọpọlọ má baà ṣaláìní. Ìdí nìyí tí èékánná tí a tẹ̀ kì í fi tètè pọ́n padà. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ, tí ọwọ́ tutù, tí iṣan sì ń sáré láìlágbára, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó wà nínú ewu ńlá. Ìṣirò tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde ní 2020 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ènìyàn ni àìsàn yìí bá lọ ní 2017 nìkan. Nínú àwọn tó mú ní ọdún náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 20 ni kò tíì pé ọmọ ọdún 5.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan há ọmọ náà níka. Takuo Aoyagi, ará Japan, ló ronú kan ọgbọ́n rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970: ìmọ́lẹ̀ a gba inú ìka kọjá, a sì sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe gbé atẹ́gùn tó. Ṣùgbọ́n ohun tí kò gún awọ gbọ́dọ̀ gba inú awọ ríran. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà rí i pé láàárín àwọn àgbàlagbà, ẹ̀rọ náà ń kùnà láti rí àìtó atẹ́gùn lára aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ó dùn mí. Ta ni wọ́n rò pé yóò máa lò ó?

Àwọn mìíràn ń wá àmì àrùn nínú itọ́ ìkókó báyìí, mo sì ń gbàdúrà pé kí ó já sí rere. Síbẹ̀, n kò lè bá abẹ́rẹ́ ṣọ̀tá. Bí a kò bá fa ẹ̀jẹ̀, tí a kò sì jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ hù, ó ṣòro láti mọ oògùn tí yóò pa á. Ohun tí ìka yẹn ṣe fún wa ni pé ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ kí èsì ẹ̀jẹ̀ tó dé, èsì náà sì gba ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ̀yin òbí, bí ara ọmọ bá gbóná tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí kò mu ọmú, tí ó sì ń sùn lásùnjù, ẹ má jókòó máa ka èékánná nílé. Ẹ gbé e, kí ẹ máa lọ.

Tiwa ti ń rìn. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun, ẹ̀yìn ni ó máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sí.