Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Wọlé Kọ́ Ni Oògùn Ń Dúró Sí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ti fún ìyá kan ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kí wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ló ké pé: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ó ń dùn mí!" Ẹnì kan dá a lóhùn pé: "Ẹ fara balẹ̀, mà, ọwọ́ wa lẹ kàn ń mọ̀. Abẹ́rẹ́ ti ṣiṣẹ́." Kò sí ẹni tó ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Lójú tèmi, ìgbàgbọ́ pé oògùn tó ti wọlé ti dé ibi tó yẹ ni àṣìṣe ibẹ̀.

Oògùn ní ìrìn tirẹ̀. Bupivacaine tí a sábà ń lò fún iṣẹ́ yìí ní ṣúgà nínú, ìyẹn ló mú kó wúwo ju omi tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ. Ibi tó bá rẹlẹ̀ ló ń ṣàn lọ. Bí ẹni tí a fún bá jókòó pẹ́, oògùn lè rọ̀ sí ìdí. Bí a bá dá a dùbúlẹ̀, ó lè ṣàn gba kòtò ẹ̀yìn lọ sókè. Lára aláboyún, àyè omi náà máa ń dín kù, oògùn tí kò pọ̀ a sì gòkè ju bó ṣe máa ń gòkè lára ẹlòmíràn.

Èyí tí a ń fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn tún díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2016, Forero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé èyí tí wọ́n ń pè ní erector spinae plane block. Àwọn tó fi aró dán an wò lára òkú rí i pé aró náà dé ìdí iṣan ìmọ̀lára lára àwọn kan, kò sì kọjá ẹ̀yìn lára àwọn mìíràn. Ọ̀nà kan náà ni, ibi tó dé ni kò dọ́gba.

Nítorí náà, ká yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì kí ọ̀bẹ tó kan ara. Lóòótọ́, ìsàlẹ̀ ìdodo la ti ń la ikùn ìyá, ṣùgbọ́n iṣan tó ń gbé ìrora inú lọ ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn lókè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fẹ́ kí òtútù má hàn sí i mọ́ títí dé ọ̀gangan orí ọmú, ìyẹn T4. Yìnyín nìkan kò tó o, torí àìmọ òtútù máa ń gòkè ju àìmọ ìfọwọ́kàn lọ. Ká fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́ pẹ̀lú.

Ká sì bi í ní èdè tó yé e. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" kò là á yé ẹnikẹ́ni. Ẹ bi í pé: "Ṣé ó tutù bíi ti èjìká yín? Ṣé ó ń dùn yín ni, àbí ẹ kàn mọ̀ pé a fọwọ́ kàn yín?"

Àwọn kan á ní kò sí àyè. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni. Bí ìyá bá sì ní ó ń dun òun lẹ́yìn tí a ti yẹ̀ ẹ́ wò, ká dúró, ká gbà á gbọ́, ká wá nǹkan ṣe sí i, kódà bó di pé ká fún un ní oògùn oorun. Ẹni tó kàn ló mọ̀.