Gbígbó Àti Pípọ́n

Ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí èèpo rẹ̀ pọ́n dáradára; nígbà tí a bó o ní ilé, inú rẹ̀ le bí igi. Ohun náà ni ó mú wa kọ̀wé yìí.

Ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ní ẹrú, *maduros* ni orúkọ dòdò. Láti inú *maturus* ti èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, èyí tí í ṣe ohun tí ó pọ́n, tí ó sì bọ́ sí àkókò rẹ̀. Àwọn Faransé sọ ọ́ di *mûr*. Wọn a máa lò ó fún èso, wọn a sì máa lò ó fún ẹni tí òye rẹ̀ kún.

Yorùbá pín in sí méjì. Iṣu a máa gbó, kì í pọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní láti gbó lórí igi kí ó tó pọ́n. Àwọ̀ ni pípọ́n; inú ni gbígbó. Àwọn mìíràn a máa fi kábáàdì mú èso tí kò gbó pọ́n, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ pé ewu ni fún ara.

Ẹ̀yin òbí, àdúrà wa ni pé kí ọmọ gbó, kí ó sì tọ́. Ọmọdé tí a fi ìkánjú sọ di àgbà, èèpo rẹ̀ nìkan ni ó pọ́n. Ẹ ní sùúrù fún un.