Fíìmù 'The Woman King': Wọ́n yin Dàhòmì, wọ́n fi Ọ̀yọ́ ṣe ìkà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn dúdú ti ń ráhùn pé bí àwọn Hollywood bá ń ṣe fíìmù ìtàn àtijọ́, ẹrú tàbí ìránṣẹ́ ni wọ́n máa ń fi àwọn ṣe. Nígbà tí 'The Woman King' jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Obìnrin dúdú, Gina Prince-Bythewood, ló darí rẹ̀. Viola Davis, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe olórí àwọn ọmọ-ogun obìnrin Dàhòmì tí wọ́n ń pè ní Agojie. John Boyega, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ṣùgbọ́n tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe Ọba Ghezo.

Bó bá jẹ́ pé orí àwọn òṣèré nìkan la fẹ́ kà, kò sẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju àwọ̀ ara lọ. Ó yẹ ká tún béèrè pé: ta ni wọ́n gbà láyè láti ro ẹjọ́ tirẹ̀, ta ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀tá lásán?

Ọ̀yọ́ ni ọ̀tá inú fíìmù yìí, ìyẹn àwa Yorùbá. Olórí ogun Ọ̀yọ́, tí Jimmy Odukoya ọmọ Nàìjíríà ṣe, kò mọ̀ ju kó gẹṣin, kó kó ènìyàn lẹ́rú, kó sì fipá bá obìnrin lò. A kò rí ìyá, bàbá tàbí ọmọ kan nínú ilé Ọ̀yọ́.

Òótọ́ wà níbẹ̀ o. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí Dàhòmì fi san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin, kí Ghezo tó gba ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1823, ọdún tí wọ́n fi ìtàn fíìmù náà sí. Ọ̀yọ́ náà sì ta ẹrú, a kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tí fíìmù náà ti ṣìnà ni pé ó jẹ́ kó dà bí ẹni pé Ghezo kẹ̀yìn sí òwò ẹrú, tó gbájú mọ́ epo pupa. Lóòótọ́ ni Dàhòmì ta epo, ṣùgbọ́n kò torí bẹ́ẹ̀ dẹ́kun àtita ènìyàn.

Yorùbá sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kó. Lọ́dún 1851, Ghezo gbógun wá bá Abẹ́òkúta, àwọn Agojie sì wà nínú ogun náà, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá lé wọn padà. Glele ọmọ rẹ̀ tún wá lọ́dún 1864, òun náà pòfo. Kétu kò rìnnà bẹ́ẹ̀: lọ́dún 1886, Dàhòmì pa ìlú náà run, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Lọ́dún 1860, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan, Kossola, wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé e lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn bí àádọ́fà. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ kó tó kú lọ́dún 1935 pé obìnrin wà lára àwọn ológun tó kó ìlú òun.

Agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A kò ní kí wọ́n má yin àwọn obìnrin Dàhòmì. Akin ni wọ́n, àwọn ọmọ-ogun Faransé tó bá wọn jà lẹ́yìn ọdún 1890 jẹ́rìí sí i. Ohun tí a ń sọ ni pé àpọ́nlé ẹnìkan kò gbọdọ̀ pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà nílùú òyìnbó lè má mọ Ọ̀yọ́ kankan ju ti inú fíìmù yìí lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ ìtàn ogun Dàhòmì lẹ́nu àwọn bàbá yín, ẹ má gbé e mì. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, kí àwọn onífíìmù wa náà sì wá gbọ́ ọ lẹ́nu yín.