Oúnjẹ Ọba Ẹyẹ

Nínú oríkì àti ewì wa, ọba ẹyẹ ni a ń pe ọ̀kín. Àwọn ará Ọ̀fà ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn títí di òní. Àwọn kan a máa jiyàn pé ọ̀kín tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe èyí tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá. N kò fẹ́ dá sí ìjà náà níhìn-ín. Èyí tí a ń sìn nínú ọgbà ni mo ní lọ́kàn, nítorí pé bí a ti ń bọ́ ọba yìí kò yẹ ọba rárá.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ kí ọlọ́lá kan ní ilé rẹ̀ létí ọ̀sà, ní ìhà Òde-Omi. Akọ ọ̀kín kan àti abo méjì wà nínú ọgbà onírin. Àwo gààrí tí a fi omi rẹ ni mo bá níwájú wọn, pẹ̀lú èérún búrẹ́dì. Ìrù akọ náà ti já wálẹ̀wálẹ̀. Abo kan ti pamọ mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò ku ẹyọ kan láàyè. Onílé ní afẹ́fẹ́ òkun ni ó pa wọ́n. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀ọ́kán ilé náà gan-an, àwọn apẹja ń da edé wẹ́wẹ́ àti ìkarahun ìṣáwùrú nù sí etí omi!

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ìbátan adìẹ, awó àti tòlótòló ni ọ̀kín. Nínú igbó Íńdíà, kò sí ẹni tí ń rẹ gààrí dè é. Á tú ilẹ̀, á ṣa èso àti hóró koríko jẹ, á já ewé tútù, á pa tata, ikán, aláǹgbá, àní ọmọ ejò pàápàá. Ó tilẹ̀ ní ẹbí kan ní Áfíríkà wa, nínú igbó Kóńgò. Ní ọdún 1913 ni Chapin, ará Amẹ́ríkà, rí ìyẹ́ ẹyẹ náà kan lára fìlà ọmọ Kóńgò. Ọdún 1936 ni ó tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún àwọn onímọ̀. Èso àti kòkòrò ni òun náà ń jẹ.

Ọdọọdún ni akọ ọ̀kín ń pa ìyẹ́ ìrù rẹ̀ dà. Ìyẹ́ náà ju 100 lọ, àwọn kan nínú wọn sì gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Èròjà amáradàgbà ni ara fi ń hun ìyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó wà nínú gààrí kò tó 3 nínú 100. Ti àgbàdo tó bí 9, ti sóyà sì ju 35 lọ. Ọmọ ọ̀kín tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń fẹ́ tó 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gààrí á kún inú ẹyẹ, ebi á sì máa pa á.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí àjẹkù ni adìẹ wa ń jẹ, tí ó sì ń sanra?” Wọn kò wo adìẹ dáadáa. Adìẹ tí ń jẹ̀ kiri, ìpápánu lásán ni àjẹkù wa jẹ́ fún un. Ẹ̀yìn àtàn ni ó ti ń rí ẹran jẹ. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó sì ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun kò ní eyín. Òkúta náà ni eyín rẹ̀, inú iwe ni ó fi ń lọ oúnjẹ. Ọ̀kín tí a há mọ́ kò ní àtàn, kò sì ní òkúta, àfi èyí tí a bá gbé fún un.

Ẹlòmíràn lè bi mí bí ó bá tọ́ kí a máa fi ẹran bọ́ ẹyẹ nígbà tí ọmọ aládùúgbò ń jẹ ẹ̀bà láìlẹ́ran. Ìbéèrè gidi ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ra ẹran fún ọ̀kín. Oúnjẹ tòlótòló tàbí ti adìẹ tí a ń tà lọ́jà ni kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọdé lè fi ìkòkò dẹ ikán. Edé tí a kò fi iyọ̀ sí wà lọ́wọ́ apẹja. Ìkarahun tí a gún kúnná dára fún abo tí ń yé ẹyin. Ẹja oníyọ̀ nìkan ni kí a yẹra fún. Kí a má sì da oúnjẹ wọn sí ilẹ̀ tí adìẹ ń yàgbẹ́ sí, nítorí pé aràn inú adìẹ a máa gbé àrùn tí adìẹ lè fara dà, ṣùgbọ́n tí ń pa ọ̀kín.

Ohun kan wà tí n kò ní fi ṣeré, èyí nì ni ọkà tàbí ẹ̀pà tí ó bu. Ọ̀rinrin pọ̀ létí omi wa, àpò ọkà kì í sì pẹ́ bu níbẹ̀. “Ẹyẹ á jẹ ẹ́,” ni wọ́n máa ń wí. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ̀pà tí ó ti bu, tí a pò mọ́ oúnjẹ wọn, ni ó gbé oró náà. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ oró tí a ń pè ní aflatoxin, tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn pàápàá jẹ́.

Mo sọ púpọ̀ nínú èyí fún ọlọ́lá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nítorí ẹwà ni òun ṣe rà wọ́n. Mo ní oúnjẹ ni ẹwà náà ti ń wá, bí kò bá sì lè pèsè rẹ̀, kí ó tà wọ́n fún ẹni tí ó lè ṣe é. Inú rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń tọ́jú ẹyẹ náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, edé tí ó tó mélòó ni kí n máa bu fún wọn?”

Mo ní kí ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó sì kọ́kọ́ gbé àwo gààrí yẹn kúrò.