Ìtọ́jú Tí Kò Ní Àlàyé, Ìdajì Ìtọ́jú Ni

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ òwe tó sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. A ń kọ ọ́ sára ògiri ilé ẹ̀kọ́, a sì ń fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ. Ṣùgbọ́n ta ló yẹ kó kọ́ wa bí a ṣe ń pa ìlera náà mọ́? Èmi gbà pé nọ́ọ̀sì ni, nítorí òun ló ń pẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn jù. Mo sì gbà pé nọ́ọ̀sì tó fún aláìsàn ní oògùn láìṣàlàyé, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn kan nínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Màmá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ń ta èlùbọ́. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ wọ́n láìwo ìwé kankan. Nígbà tí mo wà ní SS1, ẹ̀fọ́rí ń yọ wọ́n lẹ́nu, a bá lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó kọ nọ́ńbà sórí káàdì, dókítà kọ oògùn ọgbọ̀n ọjọ́, a sì gbà á. Nígbà tí Màmá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì náà jágbe mọ́ wọn pé, "Màmá, ẹ lọ ka ohun tó wà lára páálí! Ṣé ẹ ò rí èrò lẹ́yìn yín ni?" Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wà lára páálí náà. Èmi ni mo kà á fún wọn: ẹyọ kan lójúmọ́.

Màmá lò ó láìku ẹyọ kan. Nígbà tó tán, orí kò fọ́ wọn mọ́. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun, ara mi ti yá." Èmi náà dúpẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ibà tí à ń lo oògùn sí tí yóò sì lọ. Pé ó lè wà lára ènìyàn láìsí ẹ̀fọ́rí, láìsí àmì kankan. Pé tí oògùn bá tán, ńṣe là ń padà lọ gba òmíràn. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, Màmá ṣubú lẹ́yìn ilé ìdáná. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò gbé mọ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dé.

Ọjọ́ 19 ni a lò ní wọ́ọ̀dù. Wákàtí méjì méjì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń yí Màmá padà kí egbò má baà dá sí wọn lẹ́yìn. Mo rí nọ́ọ̀sì méjì péré tó ń tọ́jú odidi wọ́ọ̀dù lóru, àánú wọn sì ṣe mí. Nítorí náà, n kò ní jiyàn pẹ̀lú ẹni tó bá ní nọ́ọ̀sì kò tó. Òótọ́ ni. Owó oṣù kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti jápa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Àlàyé tí a kò rí gbà kì bá tí gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nítorí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, wọ́n yí Màmá padà ní ìgbà 12 lójúmọ́ fún ọjọ́ 19, ìyẹn ju ìgbà 200 lọ. Àìtó nọ́ọ̀sì kì í ṣe ìdí tí a ó fi pa àlàyé tì. Òun gan-an ni ìdí tí a fi nílò rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní aláìsàn wa kì í gbọ́, pé púrúǹtù pọ̀ nínú wọn. Èmi kò gbà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ àwọn aláboyún. Kí wọ́n tó yẹ ẹnikẹ́ni wò, nọ́ọ̀sì á dúró síwájú, á dá orin, àwọn aláboyún á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì gbè é. Nínú orin àti ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, láìfi omi kún un; pé kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lásìkò; pé kí ìyá àti ọmọ máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ìyá tí kò wọ ilé ìwé rí ń kọ orin náà délé. Kí ló mú kí wọ́n gbọ́? Nọ́ọ̀sì bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ló wá dé tí ẹ̀kọ́ náà fi dúró sọ́dọ̀ aláboyún? Ta ló ń kọrin fún àwọn bàbá àti màmá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tí wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago méje?

Ohun tí mò ń béèrè kì í ṣe tuntun. Ní 1854, nígbà tí Florence Nightingale dé Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì, àìsàn ń pa ọmọ ogun ju ọgbẹ́ lọ. Ìmọ́tótó àti oúnjẹ tó dára wà lára ohun tó fi bá ikú jà. Ní 1860, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ náà ni Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Èkó, ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó padà wálé di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Olùkọ́ ni obìnrin yìí kó tó di nọ́ọ̀sì. Ó dà bíi pé iṣẹ́ méjèèjì kò jìnnà síra wọn.

Lẹ́yìn tí a kúrò ní wọ́ọ̀dù, ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò wa ni a ti ń gba oògùn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wà níbẹ̀. Wọ́n kí Màmá dáadáa, wọ́n fa àga sún mọ́ wọn. "Màmá, kí lẹ máa ń ṣe láràárọ̀ tí ẹ kì í gbàgbé?" Màmá ní orín ni. "Ó dáa. Tí ẹ bá ti run orín tán, oògùn ló kàn." Wọ́n ṣàlàyé pé gbogbo iyọ̀ tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́ kò yẹ kó kọjá ṣíbí tíì kan, àti pé iyọ̀ wà nínú magí pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì ní, "Ó yá, Màmá, ẹ wá kọ́ èmi náà. Kí ni mo sọ?" Màmá ṣi ọ̀kan sọ, nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún un ṣàlàyé. Mo wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, Màmá kò tíì fo oògùn ọjọ́ kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin alákòóso ilé ìwòsàn, ẹ gba nọ́ọ̀sì sí i, kí ẹ sì ka àlàyé mọ́ iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó rẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, mo mọ̀ pé ó ń rẹ̀ yín, ṣùgbọ́n aláìsàn tí ẹ bá jágbe mọ́ lónìí kò ní béèrè ọ̀rọ̀ lọ́la. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ máa tẹ̀lé àwọn àgbà lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta: kí ló ń ṣe wọ́n, títí di ìgbà wo ni wọn yóò lo oògùn, kí sì ni a ó máa ṣọ́ nílé? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi tí mò ń ka Bàọ́lọ́jì dúró ti Màmá lọ́jọ́ náà, mo sì pa ẹnu mọ́. Mo jẹ̀bi pẹ̀lú.

Mo fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Tí mo bá sọ ọ́ ní kíláàsì, wọ́n á bi mí pé ṣé ọpọlọ mi kò gbé iṣẹ́ dókítà ni. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ kò tíì rí ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́fà nọ́ọ̀sì lè ṣe. Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò tíì lè di agolo tí wọ́n fi ń wọn èlùbọ́ mú. Èmi ni mò ń bá wọn wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ Sátidé. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹlòmíràn.