Ẹ Má Bú Obìnrin Tó Jókòó Yìí

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tá a jọ ń gbé l'Òkè Ọya, àwòrán obìnrin kan láti ilẹ̀ Faransé ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan ní kò bójú mu rárá, pé kí ló dé tí obìnrin á jókòó, á wá la ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbàgada bí ọkùnrin? Tiwa ni pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò.

Henri de Toulouse-Lautrec ló yà á, wọ́n sì gbé e jáde ní Paris l'ọ́dún 1896. Orí òkúta ni wọ́n ti ń fi nǹkan ọlọ́ràá ya irú àwòrán yìí, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ̀dà 100 péré ni Gustave Pellet gbé jáde, ọjà náà ò sì tà.

Apanilẹ́rìn-ín ni obìnrin yìí. Kó jó, kó tàkìtì, kínú oníbàárà dùn, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní Moulin Rouge, ilé ijó tí wọ́n ṣí l'ọ́dún 1889. Aṣọ eré ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, ó fẹ̀, yẹ́lò gbáà ni. Irun àtọwọ́dá funfun ṣì wà lórí. Àmọ́ ó ti ki ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún, ó ti rẹ̀ ẹ́. Èrò wà lẹ́yìn ẹ̀, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ta ló máa fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ dòru tó tún máa pa ẹsẹ̀ pọ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín?

Ẹni tó yà á náà mọ̀ nípa ẹsẹ̀. Kó tó pé ọmọ ọdún 15 ni itan rẹ̀ méjèèjì ti kán, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọn ò sì gùn mọ́.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti orúkọ. Cha-U-Kao ni wọ́n ń pè é, látinú *chahut*, ijó aláriwo kan, àti *chaos*, rúdurùdu. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ ńkọ́? Kò sí níbì kankan. Bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé bébà ọ̀hún sí ìmọ́lẹ̀, orúkọ Pellet àti ti Lautrec wà nínú ẹ̀ gbọnin-gbọnin! Àwa tí wọ́n ń pè ní Bayarabe lọ́jà níbí, láì béèrè orúkọ wa, ó yẹ kíyẹn yé wa.

Àwòrán rẹ̀ míì tí Lautrec fi ọ̀dà kùn l'ọ́dún 1895 wà ní Musée d'Orsay ní Paris. Ìnagijẹ yẹn náà ni wọ́n kọ sí i.