Ilẹ̀ Baba Kò Lè Rọ́pò Ilé Baba

Láti ìparí ọdún 1999 ni ètò tí à ń pè ní Taglit, tàbí Birthright Israel, ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ Júù láti Amẹ́ríkà, Kánádà, Faransé àti ilẹ̀ mìíràn lọ sí Ísírẹ́lì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀dọ́ náà kì í san owó ọkọ̀ òfuurufú, kì í sì í san owó ibi tí yóò sùn. Àwọn ọlọ́rọ̀ méjì, Charles Bronfman àti Michael Steinhardt, ló ṣíwájú ìdásílẹ̀ rẹ̀. Ìjọba Ísírẹ́lì àti àwọn àwùjọ Júù káàkiri ayé sì ń dá owó sí i. Àwọn tó ti lọ ju 800,000 lọ. Bí ó bá jẹ́ ti kíka orí, ètò náà yọrí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé orí kíkà ni a fi ń mọ ọmọ?

Kò sí ẹni tó ní làákàyè tí yóò kẹ́gàn ìrìn àjò náà. Ọmọ tó ti ń gbọ́ orúkọ Jerúsálẹ́mù láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ yóò gbé ọwọ́ lé òkúta Ògiri Ìwọ̀-Oòrùn, ara rẹ̀ yóò sì bù máṣọ. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Brandeis tó ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún pàápàá jẹ́rìí pé àwọn tó lọ ń fẹ́ Júù ẹlẹgbẹ́ wọn ju àwọn tó forúkọ sílẹ̀ tí wọn kò lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ìyìn wọn. Ẹni tí ẹjọ́ yìí kàn ni òbí tí kì í tan fìtílà Ọjọ́ Ìsinmi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí kò kọ́ ọmọ ní lẹ́tà Hébérù kan ṣoṣo, tó wá ń retí kí awakọ̀ àti afinimọ̀nà fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ tí òun fi ọdún méjìdínlógún sá fún.

Ìtàn àwọn Júù fúnra rẹ̀ ló tako irú òbí bẹ́ẹ̀. Ọdún 70 ni àwọn ará Róòmù sun Tẹ́mpìlì. Fún ohun tó ju 1,800 ọdún lọ lẹ́yìn èyí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni a bí, tó dàgbà, tó sì kú láìfojú kan ilẹ̀ náà. Kí ló dè wọ́n pọ̀? Àdúrà tí wọ́n ń kọjú sí Jerúsálẹ́mù gbà ni, àti ààwẹ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Ábù tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ Tẹ́mpìlì, àti gíláàsì tí ọkọ ìyàwó ń fi ẹsẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Tálímọ́dù tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù lọ, Bábílónì ni wọ́n ti kó o jọ. Nígbà tí akéwì Judah Halevi fi Sípéènì sílẹ̀ ní ọdún 1140, ó ti darúgbó nínú Tórà àti èdè Hébérù. Júù tó ti pé ló gba ọ̀nà ilẹ̀ náà lọ. Òfin Mósè sì ti là á sílẹ̀ fún àwọn tó ń gòkè lọ ní àjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọdún pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dé ní ọwọ́ òfo.

Kétu kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíl, àwọn ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú lọ ṣì ń pe ilé òrìṣà wọn ní ti Kétu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ẹnu-bodè Àkábà Ìdénà rí. Nígbà tí ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní ọdún 1886, orin Kétu kò dákẹ́ lókè òkun. Ìyálórìṣà ló kọ́ ọmọ ní orin náà nínú ilé.

Ẹ̀bi kan tún wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà. Ní alẹ́ Àjọ Ìrékọjá, ọmọ tó kéré jù nínú ilé ló ń béèrè ìbéèrè mẹ́rin kí àgbà tó sọ̀rọ̀. Júù tí kì í béèrè kò tíì gba ẹ̀kọ́ ilé. Síbẹ̀, ní ọdún 2018, àwọn ọ̀dọ́ kan kúrò láàrin ẹlẹgbẹ́ wọn lójú ìrìn àjò láti lọ fojú ara wọn rí bí àwọn ará Palẹ́sítínì ṣe ń gbé, nítorí pé ìbéèrè wọn lórí ọ̀rọ̀ náà kò rí ìdáhùn. A pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀. Òfin Ìpadàbọ̀ ọdún 1950 fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti wá gbé ilẹ̀ náà. Ó burú kí a fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀, kí a má fẹ́ kó mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀.

Owó náà kò sì wọ́n. Ọmọ ọdún méjìdínlógún rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí owó ilé-ìwé Júù fún ọmọ ọdún mẹ́fà ga ní Amẹ́ríkà débi pé òbí tí agbára rẹ̀ kò gbé e ń mú ọmọ lọ sí ibòmíràn. Kí àwọn olówó wọ̀nyẹn kọ́kọ́ san ti ọmọ ọdún mẹ́fà.